Ọmọ Tó Lóun Ń Kàwé

Nǹkan bí aago 1 ọ̀sán. Obìnrin kan dúró síta ní èbúté Misenum, ó ń wo ìkùukùu kan lódìkejì omi. Bó ṣe tóbi tó yà á lẹ́nu. Bó ṣe rí yà á lẹ́nu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó wọlé lọ sọ fún arákùnrin rẹ̀.

Arákùnrin rẹ̀ ti yáàrùn, ó ti fi omi tútù wẹ̀, ó ti fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ jẹun ọ̀sán. Ìwé ló kù sí i lọ́wọ́. Ó ti lé ní ọmọ ọdún 50 dáadáa, ó sanra, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ kò sì lágbára. Òun ni ọ̀gágun tó ń darí gbogbo ọkọ̀ ogun tó gúnlẹ̀ sí èbúté náà. Kì í fi àsìkò ṣòfò. Bó bá ń jẹun, ẹnì kan á máa kàwé sí i létí. Bí wọ́n bá ń nu ara rẹ̀ lẹ́yìn ìwẹ̀, wọn ò ní dákẹ́ ìwé kíkà. Lọ́jọ́ kan ó rí ọmọ arábìnrin rẹ̀ tó ń fẹsẹ̀ rìn, ó bá a wí. Ká ní inú àga tí àwọn ẹrú ń gbé rù ló jókòó sí ni, ì bá ti máa kàwé lọ.

Ọmọ náà wà nínú ilé. Ọmọ ọdún 17 ni. Bàbá rẹ̀ ti kú. Iṣẹ́ wà níwájú rẹ̀, iṣẹ́ kíkọ tí Ọ̀gágun fún un ṣe.

Ọ̀gágun ní kí wọ́n gbé sálúbàtà òun wá. Ó gun ibi gíga kan lọ. Orí òkè kan ni ìkùukùu náà ti ń bọ̀, ṣùgbọ́n láti ibi tí wọ́n dúró sí, kò sẹ́ni tó lè sọ òkè wo ni. Ó gòkè ṣánṣán bí ìtí igi gíga, ó wá ya ẹ̀ka lókè. Apá kan funfun. Apá kan dọ̀tí, ó ní àbàwọ́n, eérú àti erùpẹ̀ ló gbé dání gòkè.

Ẹ̀rù kò ba Ọ̀gágun. Ó wù ú kó súnmọ́ ọn.

Nǹkan bí aago 2. Wákàtí méjì péré nínú gbogbo èyí ni ẹni tó wà níbẹ̀ kọ sílẹ̀: wákàtí keje ọjọ́, nígbà tí ìkùukùu yọ, àti wákàtí kìíní ọjọ́ kejì. Ìyókù, bí nǹkan ṣe tẹ̀ léra wọn ló fi hàn, tàbí kó jẹ́ pé àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ ló ka ipele eérú àti òkúta tí wọ́n fi ṣírò rẹ̀.

Ọ̀gágun pàṣẹ kí wọ́n tọ́jú ọkọ̀ kékeré kan tó yára. Ó yíjú sí ọmọ náà. Bó bá wù ú, kó jẹ́ káwọn jọ lọ wò ó.

Ìrìn ìwòran ni. Ọkọ̀ ọba, ọ̀gá tó mọ̀wé, ohun tójú ò rí rí. Ọmọ ọdún 17 mélòó ló máa kọ irú ìpè bẹ́ẹ̀? Èyí kọ̀ ọ́. Ó ní ó tẹ́ òun lọ́rùn kí òun máa bá ìwé òun lọ.

Bí Ọ̀gágun ṣe ń jáde nílé ni wọ́n fi ìwé kan lé e lọ́wọ́. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Rectina ló kọ ọ́. Ẹsẹ̀ òkè gan-an ni ilé rẹ̀ wà. Ojú omi nìkan ló lè gbà jáde. Ó ń bẹ Ọ̀gágun pé kó wá yọ òun.

Ọ̀gágun yí èrò rẹ̀ padà lójú ẹsẹ̀. Ọkọ̀ kékeré kò tó mọ́. Ó ní kí wọ́n ti àwọn ọkọ̀ ogun ńláńlá sómi, nítorí kì í ṣe Rectina nìkan ló ń gbé etíkun náà. Òun fúnra rẹ̀ wọ ọkọ̀.

Ọmọ náà padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Aago 3. Ìlú kan wà ní gúúsù òkè náà, nǹkan bíi kìlómítà 30 sí Misenum. Ọ̀hún ni afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lọ. Òkúta ń rọ̀ sórí ìlú náà. Òkúta fífúyẹ́ ni, ihò ló kún inú rẹ̀. Bí wọ́n bá jù ú sómi, yóò léfòó. Ó ń ga sí i lójú pópó, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15 ní wákàtí kọ̀ọ̀kan.

Nǹkan bí ọdún 17 sẹ́yìn, ilẹ̀ mì ní agbègbè yìí débi pé ọ̀pọ̀ ilé wó. Títí di ọjọ́ yìí, wọn ò tíì tún gbogbo rẹ̀ kọ́ tán. Ilẹ̀ tún ti ń mì fún ọjọ́ mélòó kan báyìí. Kò da ẹnikẹ́ni láàmú púpọ̀. Ará Campania, bí wọ́n ṣe ń pe agbègbè náà, ni wọ́n. Ó ti mọ́ wọn lára.

Nínú ilé búrẹ́dì kan, wọ́n ti kó búrẹ́dì 81 sínú ààrò. Wọ́n ti pa ilẹ̀kùn onírin dé. Búrẹ́dì náà rí roboto. Wọ́n ti fàlà sí i lórí kí wọ́n tó yan án, ọ̀nà mẹ́jọ, kó lè rọrùn láti bù. Ẹni tó kó wọn sínú ààrò kò padà wá kó wọn jáde.

Nínú ilé mìíràn, ajá kan wà lórí ẹ̀wọ̀n nítòsí ẹnu ọ̀nà. Ìgbànú wà lọ́rùn rẹ̀, wọ́n fi idẹ ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Àwọn onílé ti lọ. Òkúta ń wọlé. Bí òkúta ṣe ń ga, bẹ́ẹ̀ ni ajá ń gun orí rẹ̀. Ẹ̀wọ̀n kò gùn sí i.

Nǹkan bí aago 5 ìrọ̀lẹ́. Ibi táwọn èèyàn ti ń sá bọ̀ ni Ọ̀gágun kọjú ọkọ̀ sí. Ó ń wo gbogbo bí ìkùukùu náà ṣe ń yí padà, ó ń sọ ọ́ jáde, akọ̀wé ń kọ ọ́. Eérú bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ sínú ọkọ̀. Bí wọ́n ṣe ń súnmọ́ etíkun ló ń gbóná sí i, tó ń ki sí i. Òkúta tẹ̀ lé e. Òkúta dúdú, iná ti jó o, iná ti là á.

Lójijì, omi kò jìn mọ́. Ohun tó ń ya lulẹ̀ láti orí òkè ti dí etíkun pa. Ọkọ̀ kò lè gúnlẹ̀.

Atukọ̀ ní kí wọ́n padà. Ọ̀gágun dúró díẹ̀, ó rò ó. Lẹ́yìn náà ó ní kí wọ́n darí ọkọ̀ síbì kan tó ń jẹ́ Stabiae, sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ òun Pomponianus.

Orúkọ Rectina kò jáde mọ́ lẹ́yìn èyí.

Ní Stabiae, Pomponianus ti kó ẹrù rẹ̀ sínú ọkọ̀. Ó ń dúró kí afẹ́fẹ́ yí padà. Afẹ́fẹ́ tí kò jẹ́ kó lè kúrò níbẹ̀ ni afẹ́fẹ́ tó gbé Ọ̀gágun wá bá a.

Ilẹ̀ ti ṣú. Pomponianus ń gbọ̀n. Ọ̀gágun dì mọ́ ọn, ó tù ú nínú. Kí ẹ̀rù ọ̀rẹ́ rẹ̀ lè dín kù, ó ní kí wọ́n gbé òun lọ síbi ìwẹ̀. Ó wẹ̀. Ó jókòó ti oúnjẹ alẹ́. Ó ń ṣàwàdà. Bóyá inú rẹ̀ dùn lóòótọ́ o, bóyá ó ń díbọ́n o, èyí tó wù kó jẹ́, kì í ṣe iṣẹ́ kékeré.

Lára òkè náà, iná ń jó níbi púpọ̀. Òkùnkùn mú kó hàn kedere. Ọ̀gágun ní iná ìdáná táwọn àgbẹ̀ fi sílẹ̀ sá lọ ni, ó ní ilé wọn tó dá páropáro ló ń jó. Ó sọ ọ́ kí ọkàn wọn lè balẹ̀. Lẹ́yìn náà ó lọ sùn.

Ó sùn lóòótọ́. Àwọn tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn ń gbọ́ bó ṣe ń hanrun.

Ní Misenum, ọmọ náà ṣiwọ́ iṣẹ́. Ó wẹ̀. Ó jẹun. Ó dùbúlẹ̀. Oorun rẹ̀ kò gùn.

Ní ìlú gúúsù, àwọn òrùlé ti ń wó. Òkúta ti wúwo jù fún wọn. Àwọn tó dúró sílé lábẹ́ òrùlé nítorí òkúta, òrùlé ló wó pa àwọn kan nínú wọn.

Nǹkan bí aago 1 òru. Ìlú kékeré kan wà létíkun, ní ìwọ̀ oòrùn òkè. Afẹ́fẹ́ kò gbé òkúta lọ síbẹ̀ púpọ̀. Ìyẹn fún àwọn èèyàn láyè láti sọ̀kalẹ̀ wá sí etí omi.

Àwọn yàrá kan wà níbẹ̀, òkúta ni wọ́n fi mọ wọ́n, òrùlé wọn tẹ̀ kọdọrọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ń kó ọkọ̀ àti irinṣẹ́ apẹja sí. Nǹkan bí 300 èèyàn ló wà níbẹ̀ lóru yìí. Obìnrin àti ọmọdé ló pọ̀ jù nínú yàrá. Ọkùnrin ló pọ̀ jù lórí iyanrìn. Wọ́n ti mú ohun tọ́wọ́ wọn tó: òrùka, ẹ̀gbà ọwọ́, fìtílà, owó. Àwọn kan mú kọ́kọ́rọ́ ilé. Ẹni tó bá mú kọ́kọ́rọ́ dání, ó ní í lọ́kàn láti padà. Sójà kan wà létíkun, idà rẹ̀ wà níbàdí, àpò irinṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ojú òkun ni ẹnu gbogbo yàrá náà kọ sí.

Òpó eérú tó wà lókè ti ga tó kìlómítà 30. Ohun tó ń tì í gòkè kò lè gbé e dúró mọ́. Apá kan rẹ̀ ya lulẹ̀. Eérú àti gáàsì gbígbóná ló ń ṣàn sọ̀kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè, ó ń sáré ju ẹṣin lọ. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ó dé etíkun. Ooru rẹ̀ sọ igi ilẹ̀kùn di èédú.

Lẹ́yìn odi ìlú náà, ilé ńlá kan wà tó kọjú sí òkun. Yàrá kékeré kan nínú rẹ̀ kún fún ìwé. Àkájọ ìwé ni gbogbo rẹ̀, ewéko omi ni wọ́n fi ṣe é, ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ni. Àwọn kan wà nínú àpótí tó ṣeé gbé rìn. Ooru dé ibẹ̀ pẹ̀lú. Ìwé náà kò jóná tán. Èédú ni wọ́n dà. Lẹ́yìn náà ni eérú gbígbóná míì láti òkè bò wọ́n mọ́lẹ̀, ó bo ilé, ó bo ìlú, ó bo yàrá etíkun pẹ̀lú àwọn tó wà nínú rẹ̀.

Òru kan náà, Misenum. Ilẹ̀ mì. Kì í ṣe èyí tó ti mọ́ wọn lára. Ó dà bíi pé gbogbo nǹkan fẹ́ dojú dé. Ìyá sáré wọ yàrá ọmọ. Ọmọ ti ń dìde láti lọ jí ìyá.

Wọ́n jáde lọ jókòó sí àgbàlá tó wà láàárín ilé àti òkun. Níbẹ̀ ni ọmọ ti ní kí wọ́n gbé ìwé òun wá. Ìwé Titus Livius ni, ìtàn Róòmù. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Ó ń yọ àwọn ibi tó wúlò jáde, ó ń kọ wọ́n sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ilẹ̀ kò dá mímì dúró. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ bóyá ìgboyà ni kí òun pè é tàbí àìgbọ́n.

Ọ̀rẹ́ Ọ̀gágun kan wọlé, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Sípéènì dé. Ó rí ìyá tó jókòó. Ó rí ọmọ tó ń kàwé. Ó bú ìyá nítorí sùúrù rẹ̀, ó bú ọmọ nítorí àìbìkítà rẹ̀. Ọmọ kò gbójú kúrò nínú ìwé.

Ní Stabiae, eérú àti òkúta ti ń kún àgbàlá tó kọjú sí yàrá tí Ọ̀gágun sùn sí. Bó bá pẹ́ díẹ̀ sí i, ilẹ̀kùn kò ní ṣeé ṣí. Wọ́n jí i. Wọ́n gbìmọ̀: ṣé kí wọ́n dúró nínú ilé ni, àbí kí wọ́n jáde? Ilé ń fì síhìn-ín sọ́hùn-ún. Níta, òkúta ń já bọ́. Wọ́n yan ìta. Wọ́n gbé ìrọ̀rí lé orí, wọ́n fi aṣọ dè é.

Aago 6 òwúrọ̀. Ó yẹ kí ilẹ̀ ti mọ́. Ìmọ́lẹ̀ tó yọ rẹ̀wẹ̀sì, kò dá ara rẹ̀ lójú. Àwọn ilé tó yí àgbàlá ká ń mì, àyè ibẹ̀ sì há. Ọmọ pa ìwé dé. Òun àti ìyá rẹ̀ pinnu láti kúrò ní ìlú.

Ọ̀pọ̀ èèyàn tẹ̀ lé wọn. Àwọn èrò ń tì wọ́n síwájú. Wọ́n jáde sí gbangba, wọ́n dúró. Àwọn kẹ̀kẹ́ ẹrù tí wọ́n ní kó bá wọn lọ kò dúró sójú kan. Ilẹ̀ tẹ́jú, síbẹ̀ wọ́n ń yí lọ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Wọ́n fi òkúta há wọn lẹ́sẹ̀. Wọn kò dúró.

Òkun ti fà sẹ́yìn. Etíkun ti gbòòrò sí i. Ọ̀pọ̀ ẹran omi ló wà lórí iyanrìn gbígbẹ.

Lápá kejì, ìkùukùu dúdú kan ń bọ̀. Iná ń là á já, ó gùn, ó tóbi ju mànàmáná lọ. Ọ̀rẹ́ tó ti Sípéènì dé tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ le. Bí Ọ̀gágun bá wà láàyè, ó máa fẹ́ kí ẹ̀yin méjèèjì yè. Bó bá ti kú, ó máa fẹ́ kẹ́ ẹ kẹ́yìn òun. Kí lẹ tún ń dúró dè? Wọ́n ní àwọn ò lè máa wá ààbò ara àwọn nígbà táwọn ò tíì gbúròó rẹ̀. Ọkùnrin náà kò dúró mọ́. Ó sá lọ.

Aago 7 kọjá. Ní ìlú gúúsù, òkúta tó wà nílẹ̀ ti ga ju èèyàn lọ dáadáa. Àwọn tó ṣẹ́kù ń rìn lórí rẹ̀, ibi tí fèrèsé òkè wà ni ẹsẹ̀ wọn ń tẹ̀. Àwọn 13 kan, àgbà àti ọmọdé, gba inú ọgbà kan lọ nítòsí odi ìlú. Ẹnubodè kò jìnnà. Eérú gbígbóná tún ya lulẹ̀ láti òkè. Lọ́tẹ̀ yìí ó dé ìlú. Àwọn 13 náà ṣubú síbi tí wọ́n wà, kò sí èyí tó dé ẹnubodè.

Ajá ti dé òpin ẹ̀wọ̀n rẹ̀.

Nǹkan bí aago 8. Ìkùukùu sọ̀kalẹ̀ sórí òkun. Ó bo erékùṣù Capri. Orí ilẹ̀ Misenum tó yọ sínú omi, a kò rí i mọ́. Ìyá bẹ ọmọ. Ó pàṣẹ fún un. Ó ní kó sá lọ bó bá ṣe lè sá. Ọ̀dọ́ ni, ó lè yè é. Ní ti òun, ara òun ti wúwo, ọdún ti lọ lórí òun, ikú kò ní korò lẹ́nu òun bí òun kò bá ti fa ikú ọmọ òun.

Ọmọ ní òun kò ní yè láìsí i. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó mú kó yára. Ìyá ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi pé òun ń fa ọmọ sẹ́yìn.

Eérú bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́, kò tíì pọ̀. Ọmọ wẹ̀yìn. Òkùnkùn ń bọ̀ lẹ́yìn wọn, ó ń tẹ́ lọ lórí ilẹ̀. Ó ní kí wọ́n yà kúrò lójú ọ̀nà nígbà tójú ṣì ń ríran, kí èrò má bàa tẹ̀ wọ́n pa nínú òkùnkùn. Kò pẹ́ tí wọ́n jókòó ni ó bò wọ́n. Òru tí kò sí òṣùpá kò tó o. Yàrá tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀, tí wọ́n pa fìtílà inú rẹ̀, òun ló tó o.

Ohùn ló kù. Obìnrin ń ké. Ọmọdé ń sunkún. Ọkùnrin ń pariwo. Ẹnì kan ń pe bàbá, ẹnì kan ń pe ọmọ, ẹnì kan ń pe aya, ohùn ni wọ́n fi ń dá ara wọn mọ̀. Àwọn kan ń gbàdúrà kí wọ́n kú nítorí ẹ̀rù ikú. Ọ̀pọ̀ gbọ́wọ́ sókè sí àwọn òrìṣà wọn. Àwọn tó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ní kò sí òrìṣà kankan mọ́, pé òru tí kò ní mọ́ láéláé ti dé.

Ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ yọ. Kì í ṣe ojúmọ́. Iná ló ń bọ̀. Ó dúró lọ́nà jíjìn. Òkùnkùn padà, eérú padà, ó pọ̀, ó wúwo. Léraléra ni wọ́n ń dìde gbọ̀n ọ́n dànù. Bí wọn ò bá dìde, á bò wọ́n.

Ní Stabiae, nǹkan bí àkókò kan náà. Níbòmíràn ọ̀sán ti lé. Níhìn-ín òru ni, ògùṣọ̀ ni wọ́n fi ń ríran. Wọ́n ti dé etíkun láti wò bóyá ọkọ̀ lè lọ. Òkun ṣì ń ru. Wọ́n tẹ́ ìgbòkun kan sílẹ̀ fún Ọ̀gágun, ó dùbúlẹ̀ lé e. Ó ní kí wọ́n fún òun lómi tútù. Ó mu ún. Ó tún béèrè. Ó tún mu ún.

Iná yọ, òórùn imí ọjọ́ ló ṣáájú rẹ̀. Àwọn yòókù sá. Ọ̀gágun gbára lé ẹrú méjì, ó dìde. Ó ṣubú lẹ́ẹ̀kan náà. Èéfín ti dí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ tí kò lágbára látilẹ̀ wá.

Ní Misenum, òkùnkùn bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́. Ó di èéfín, ó di kùrukùru. Ojúmọ́ gidi wá yọ. Oòrùn hàn, àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá. Eérú bo gbogbo ohun tójú rí.

Ìyá àti ọmọ padà sílé. Ilẹ̀ ṣì ń mì. Wọ́n fọ ara wọn bí wọ́n ṣe lè ṣe. Wọ́n tún sun òru kan sí i níbẹ̀. Wọn kò kúrò, wọ́n ń retí ìròyìn.

Ìròyìn dé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ ní Stabiae, wọ́n rí òkú Ọ̀gágun. Kò sí ọgbẹ́ lára rẹ̀. Aṣọ rẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀ bó ṣe wọ̀ ọ́. Ẹni tó sùn ló jọ.

Ọdún 79 ni. Òkè náà ni Vesuvius. Ìlú gúúsù ni Pompeii, ìlú etíkun ni Herculaneum. Lẹ́tà ọmọ náà tó wà lọ́wọ́ wa ní oṣù kẹjọ ló ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2018 wọ́n rí ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n fi èédú kọ sára ògiri ilé kan ní Pompeii, ọjọ́ kan ní àárín oṣù kẹwàá ló wà lára rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ fi ń sọ pé oṣù kẹwàá ni. Ọ̀gágun ni Plinius Àgbà, ẹni tó kọ ìwé 37 nípa gbogbo ohun tó wà láyé. Nínú ìwé ìhágún rẹ̀, ó sọ ọmọ arábìnrin rẹ̀ di ọmọ ara rẹ̀. Ọmọ náà wá ń jẹ́ Plinius. Nígbà tó dàgbà, ó lé ní ọdún 25 lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ náà, Tacitus òpìtàn béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bí Ọ̀gágun ṣe kú, ó sì kọ lẹ́tà méjì sí i. Ìwé tí Tacitus fẹ́ lò wọ́n fún, apá tó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí wà nínú rẹ̀ ti sọnù. Lẹ́tà méjèèjì kò sọnù. Kò sí àkọsílẹ̀ mìíràn láti ọwọ́ ẹni tójú rẹ̀ rí i. Ohun tí Ọ̀gágun ń sọ tí akọ̀wé ń kọ nínú ọkọ̀, ẹnikẹ́ni kò rí i. Ká ní ọmọ náà gbà láti bá a lọ wòran ni, ó ṣeé ṣe kí èyí náà má sí.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà lára àwọn tó ń lọ wòran níbẹ̀ báyìí. Ọkọ̀ ojú irin ń gbé wọn láti Naples, ó ń dúró ní Ercolano, ó ń dúró ní Pompeii. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2024, èèyàn 20,000 péré ni wọ́n ń jẹ́ kó wọ Pompeii lójúmọ́.  Ara ajá náà ti jẹrà, ó fi àyè òfìfo sílẹ̀ nínú eérú tó le. Ní 1874 wọ́n da POP sínú àyè náà, irú èyí táwọn oníṣẹ́ àjà ilé ń lò. Giuseppe Fiorelli ló bẹ̀rẹ̀ ọgbọ́n yìí ní 1863. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe rí ojú àti ìka ọwọ́ àwọn 13 inú ọgbà nígbà tí wọ́n hú wọn jáde ní 1961. Ní 1862, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn ààrò. Búrẹ́dì 81 ni wọ́n bá, ó ti dúdú, ìlà mẹ́jọ ṣì wà lórí rẹ̀. Mùsíọ́mù ńlá Naples ni àwọn kan nínú rẹ̀ wà. Àwọn yàrá etíkun ti Herculaneum, ọdún 1980 sókè ni wọ́n tó mọ ohun tó wà nínú wọn. Kí wọ́n tó débẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé gbogbo ará ìlú náà ló sá là.

Àkájọ ìwé tó di èédú, ọdún 1752 ni àwọn tó ń wa ilẹ̀ kàn wọ́n. Àwọn kan jù wọ́n nù, wọ́n rò pé èédú lásán ni. Àwọn tí wọ́n gbìyànjú láti tú, ọ̀pọ̀ ló fọ́ sí wẹ́wẹ́. Wọ́n fi mélòó kan ránṣẹ́ sí Napoleon, ìyẹn ló fi wà ní Párísì. Ní 2023 wọ́n dá ìdíje kan sílẹ̀ pé ta ló lè fi kọ̀ǹpútà kà wọ́n láìtú wọn. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, Luke Farritor, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Nebraska, ọmọ ọdún 21, ka ọ̀rọ̀ Gíríìkì kan jáde nínú ọ̀kan. Ní oṣù kejì ọdún 2024, òun, Youssef Nader tó ń kàwé ní Jámánì àti Julian Schilliger tó ń kàwé ní Switzerland jọ gba ẹ̀bùn 700,000 dọ́là. Akẹ́kọ̀ọ́ ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀rọ̀ nípa oúnjẹ, orin àti ìgbádùn ni wọ́n bá nínú ìwé náà. Nǹkan bí ìdá 5 nínú 100 rẹ̀ ni wọ́n kà nígbà yẹn.